Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Sọ Tirẹ̀, Kí Ni Èsì Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọ. Ohun kan ni ó ń wọlé tọ̀ yín láràárọ̀ láìkan ilẹ̀kùn, tí ó ń jókòó ti ìdí ààrò yín, tí ó sì ń bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ̀yin fúnra yín tó rí àyè bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Rédíò ni mo ń wí, àti amóhùnmáwòrán, àti fóònù tí ó ti di rédíò àti ìwé ìròyìn pọ̀ lónìí.

Nígbà tí àpótí rédíò tí a ń fi wáyà fà wọ inú ilé kọ́kọ́ dé ìlú Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì tàn dé Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn náà, àwọn baba wa fún un ní orúkọ tí ó bá a mu. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Orúkọ náà ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bá wa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a kò sì lè dá a lóhùn, bí a kò bá ṣọ́ra, òun ni yóò máa bá wa ronú.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AGBOOLÉ KAN

Mo mọ agboolé kan ní Èkó-Ende, ìlú tí ó wà ní agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkọ àwọn obìnrin méjì tí n ó sọ̀rọ̀ wọn. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí wọn kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn, ohun tí ó sì ṣe wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìyáálé a máa din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó a sì máa ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra àkàrà ni yóò ra ẹ̀kọ, nítorí náà ọjà ọ̀kan ni ó ń ta ti èkejì. Ọmọ wọn ń jẹun nínú àwo kan náà. Rédíò kékeré kan wà lórí àpótí láàrin àwọn méjèèjì, òun ni wọ́n fi ń mọ aago tí àwọn ọmọ yóò lọ sí ilé ìwé.

Ní ọdún 1922 bàbá àgbà, a kò lè sọ pé irú nǹkan báyìí wà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, nígbà tí ìdìbò gómìnà ń bọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, rédíò náà di ẹni kẹta láàrin wọn. Láàárọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan a ka ìwé ìròyìn, a fi ẹnìkan ṣe ẹlẹ́yà pé ijó nìkan ni ó mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mìíràn lórí ìkànnì mìíràn a bú àwọn tí ó wà lẹ́yìn gómìnà ìgbà náà pé ikùn ni wọ́n fi ń ronú. Ẹgbẹ́ tí ìyáálé fẹ́ràn yàtọ̀ sí ti ìyàwó. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó tún ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ sọ ní ìdí kànga, ìyáálé sì fi ọ̀rọ̀ àárọ̀ dá a lóhùn. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kejì, ìyáálé ti gbé agbada rẹ̀ lọ sí ìdí igi odán ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Láti ìgbà náà, àkàrà kò rí ẹ̀kọ, ẹ̀kọ kò rí àkàrà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀ ná. N ó padà sí ọ̀rọ̀ wọn.

IJÓ TÍ Ó GBA GBOGBO ẸNU

Kí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ń sọ gan-an? Sẹ́nétọ̀ Adémọ́lá Adélékè, ọmọ ìlú Ẹdẹ, jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa jó ní gbangba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Davido, akọrin tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ káàkiri àgbáyé. Nítorí èyí, òṣèlú àti orin ìgbàlódé wọnú ara wọn ní Ọ̀ṣun ju bí wọ́n ti ṣe rí ní ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, òun àti Alàgbà Gbóyèga Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí, jọ dupò gómìnà. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 22, wọ́n tún dìbò ní ibùdó méje ní ọjọ́ 27. Ìbò 482 péré ni Oyètọ́lá fi borí. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, àwọn méjèèjì tún pàdé. Adélékè ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027.

Ẹjọ́ tẹ̀ lé e. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ẹjọ́ náà kò ní ijó kankan nínú. Wọ́n ń béèrè bóyá ní àwọn ibùdó ìdìbò kan, iye ìbò tí a kà ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ ìdámọ̀ olùdìbò, èyí tí wọ́n ń pè ní BVAS, gbà wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pa ìbò ẹni mọ́ ni. Ìyá tí ó fi ọmọ sẹ́yìn tò lórí ìlà láti àárọ̀ kí ó lè dìbò ní ẹ̀tọ́ láti lóye rẹ̀, yálà ó dìbò fún ti ìhín tàbí fún ti ọ̀hún.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn adájọ́ mẹ́ta tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn méjì ní Oyètọ́lá ni ó borí, ẹnìkan kọ̀. Nínú ìdájọ́ tí a kà, wọ́n mú ọ̀rọ̀ láti inú orin Kizz Daniel tí ń jẹ́ “Buga”, èyí tí tọmọdé-tàgbà ti jó jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọdún 2022, wọ́n sì fi pẹ̀gàn ẹni tí ẹjọ́ kò gbè. Ẹ̀yin náà rántí bí ó ṣe rí. Ilé iṣẹ́ rédíò, ìwé ìròyìn, fóònù, gbogbo wọn gbé ẹ̀fẹ̀ yìí kiri. Àwọn kan fi orin náà bẹ̀rẹ̀ ètò, àwọn kan fi parí rẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ó jókòó láti ṣàlàyé fún ìyá alákàrà ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe àti ìdí tí adájọ́ kẹta kò fi gbà?

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún kan náà, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ àkọ́kọ́ padà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu irú èdè ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìdájọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ọwọ́ sí i pé Adélékè ni ó borí. Ẹ kíyè sí i pé n kò bá ẹnikẹ́ni polongo níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn adájọ́ àgbà fúnra wọn sọ fún adájọ́ bí ẹlẹgbẹ́ wọn pé ẹ̀fẹ̀ kò yẹ ibi tí a ti ń wá òtítọ́. Bí adájọ́ bá lè gba ìbáwí lórí ọ̀rọ̀ tí ó sọ, ṣé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni kò ní gbà á?

ÌBÉÈRÈ TÍ IJÓ BÒ MỌ́LẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a pàdánù ní gbogbo àkókò tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ijó. Ní Èkó-Ende yìí kan náà ni dáàmù tí a fi sé Odò Ọ̀tìn wà, èyí tí a kọ́ kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní agbègbè yìí, ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ omi àdúgbò yín lónìí. Ṣé omi ń yọ níbẹ̀? Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀? Ta ni a fi owó àtúnṣe sí lọ́wọ́? Ìyá tí ń fọ ìlẹ̀dí ọmọ mọ ìdáhùn ju sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó wà nínú yàrá tútù lọ. Síbẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ó ń yan ohun tí a ó máa jiyàn lé lórí.

Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ní ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó. Lẹ́yìn náà, ààbọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà títí di ọdún 2018. Ìyàwó olùkọ́ ni ó mọ bí a ṣe ń pín ìṣu kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ irú èyí kò ní orin, kò ní ìlù, kì í pani lẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ijó bá bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá sì ń rẹ́rìn-ín pàápàá, ó yẹ kí ojú wa ṣì là.

Bákan náà ni ti àwọn obìnrin tí ó wọnú òṣèlú. Láti ọdún 2003 dé 2018, obìnrin méjì ni ó ṣe igbákejì gómìnà tẹ̀ lé ara wọn ní ìpínlẹ̀ yìí. Arẹwà ìlú Iléṣà, Ẹrelú Olúṣọlá Ọbádà, ṣe é nígbà tí Ọmọọba Olágúnsóyè Oyinlọlá, ọmọ Òkukù, jẹ́ gómìnà. Ìyáàfin Títí Láoyè-Tòmórì ni ó tẹ̀ lé e. Bí obìnrin bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń béèrè. Wọn a béèrè gèlè tí ó wé, wọn a béèrè ẹni tí ń se oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Ta ni ó ti bi gómìnà ọkùnrin léèrè ẹni tí ń wẹ ọmọ rẹ̀? Ọmọbìnrin yín tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì ń ti inú rẹ̀ mọ ibi tí ayé fẹ́ kí òun dúró sí.

KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé àrífín ni láti dá asọ̀rọ̀mágbèsì lóhùn. Ní ọdún 1953, nígbà tí àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Action Group fi ipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà Macpherson, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí orí rédíò, ó sì bú ẹgbẹ́ náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà ní àyè lórí rédíò kan náà kí òun lè fèsì. Wọn kò fún un. Ohun tí àìfúnni-láyè yẹn bí ni ìjà tí Ìwọ̀-Oòrùn jà títí wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ láti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré lórí amóhùnmáwòrán lálẹ́, ẹ mọ̀ pé láti inú ẹni tí ó ní òun fẹ́ fèsì ni ó ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jà fún àyè náà lè di ẹni tí yóò dí i mọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1964, Olóyè Hubert Ògúndé ṣe eré kan tí ó pè ní “Yorùbá Ronú”. Ọ̀rọ̀ ọba kan ni, tí igbákejì rẹ̀ dà, tí ó sì bá ọ̀tá pawọ́ pọ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn rí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá nínú rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé, pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní agbègbè náà. Ògúndé kò dákẹ́. Ó fi eré mìíràn fèsì, ó pe èyí ní “Òtítọ́ Korò”. Òfin náà kò kúrò títí di ọdún 1966, lẹ́yìn tí ìjọba ológun dé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà nínú orúkọ eré àkọ́kọ́ yẹn. Kò ní kí Yorùbá jà, kò ní kí Yorùbá bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n ronú. Èyí nìkan tó láti ba ìjọba lẹ́rù.

ORIN TÍ ÀWỌN ỌMỌ Ń KỌ

Ọ̀rọ̀ orin ni ó kàn. Ọ̀nà méjì ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń ṣi wá lọ́nà nípa rẹ̀. Àwọn kan ní gbogbo ohun tí olórin ńlá bá sọ ni ọgbọ́n. Àwọn kan ní orin ìsinsìnyí ni ó ba ọmọ jẹ́, kí a pa rédíò. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ kí a má ronú ni.

Ẹ mú Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ní ọdún 1972, ó gbé orin “Lady” jáde, nínú èyí tí ó ti fi obìnrin ilẹ̀ wa tí ó bá ní òun àti ọkùnrin dọ́gba ṣe yẹ̀yẹ́. Orin náà dùn, a sì ń jó o títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyá tí ó bí akọrin náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni, ẹni tí ó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti kọ owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Bí obìnrin kò bá gbọdọ̀ sọ pé òun tó ọkùnrin, kí ni a ó wá pe ìyá yìí? Ọkùnrin kan náà ni ó fi orin sọ òtítọ́ fún àwọn ológun nígbà tí ọ̀pọ̀ oníwèé ìròyìn ń bẹ̀rù. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà fi dáná sun ilé rẹ̀ ní ọdún 1977, tí wọ́n sì ṣe ìyá rẹ̀ léṣe. Ìyá náà kú ní ọdún 1978. Ẹ kò nílò láti ju àwo orin rẹ̀ nù, ẹ kò sì nílò láti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹja ni a ń jẹ, a sì ń yọ egungun rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú orin tí àwọn ọmọ yín ń kọ lónìí.

OGÚN ÀWỌN ÌYÁ WA

Bí ẹ bá ń rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni láti sọ̀rọ̀ nípa ìlú, ẹ lọ sí Òkukù, kò jìnnà sí Èkó-Ende. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Karin Barber wá gbé ní Òkukù, ó kọ́ èdè wa, ó sì fi etí sí oríkì. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Àwọn tí ó bá pàdé gẹ́gẹ́ bí alákòóso oríkì ní ìlú náà, obìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ìyàwó ilé ni ó mọ oríkì ìdílé ọkọ, àwọn ni ó mọ ẹni tí ó jagun, ẹni tí ó ṣaájò àlejò, àti ẹni tí ìwà rẹ̀ kò dára. Bí wọ́n bá ń ki ẹni ńlá, wọn a yìn ín, wọn a sì sọ ohun tí kò ní fẹ́ gbọ́, yóò sì fún wọn lówó.

Bákan náà ni rárà ìyàwó. Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin ń lọ sí ilé ọkọ, a gbà á láyè láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbangba, níṣojú bàbá àti ìyá. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, orin ni wọ́n fi bá ọba àti ìjọba wí nígbà tí wọn kò ní ìwé ìròyìn. Nítorí náà, obìnrin Yorùbá kò bá ọ̀rọ̀ ìlú pàdé lórí rédíò. Rédíò ni ó bá a lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ìgbà tí àpótí ti gba ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé tiwa jù sílẹ̀.

BÍ Ẹ Ó ṢE MÁA FÚN UN NÍ ÈSÌ

Ẹ má ṣe rò pé ìwé púpọ̀ ni ó gbà. Ohun tí ẹ fi ń ra ata lọ́jà ni ẹ ó fi gbọ́ ìròyìn: ẹ kì í gba ata lọ́wọ́ olùtà láìyẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Èkíní, ẹ béèrè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó san owó àkókò náà. Àwọn ètò kan wà tí olóṣèlú ra àkókò fún. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra àkókò, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ìpolongo ṣe bí ìròyìn.

Èkejì, ẹ ya ìròyìn kúrò lára èrò. Pé ẹnìkan ní ìbò 403,371, ìròyìn nìyẹn, a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Pé ijó ni àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ dìbò, èrò nìyẹn. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò bi yín léèrè kí ó tó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbọ́ tẹnu èkejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Bí ẹ bá gbọ́ ti àárọ̀, ẹ gbọ́ ti ìrọ̀lẹ́. Bí ohùn kan bá dé orí WhatsApp yín tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí ó sì ní kí ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ó kú sọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jókòó gbọ́ orin pẹ̀lú ọmọ yín dípò kí ẹ pa á. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni orin yìí ń yìn? Ta ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Kí ni ó fẹ́ kí a lọ rà tàbí kí a lọ ṣe? Ẹnu yóò yà yín sí ọgbọ́n tí yóò ti ẹnu ọmọ ọdún mẹ́wàá jáde.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fèsì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò bá ní kí a pe àwọn lórí fóònù, kí ló dé tí ohùn ọkùnrin fi ń pọ̀ jù? Ẹ pè. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín ní ṣókí, láìsí èébú: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ijó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bá wa béèrè ọ̀rọ̀ omi.” Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá bu èébú lu ènìyàn tàbí ó parọ́, àjọ kan wà tí ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1992, NBC ni orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ̀wé sí wọn, ì báà ṣe gómìnà, ì báà ṣe ẹlẹ́kọ.

Àwọn kan nínú yín yóò ní, “Ọkọ mi ńkọ́?” Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ baálé kì í fẹ́ kí a já ọ̀rọ̀ òṣèlú gbà mọ́ àwọn lẹ́nu, pàápàá níwájú ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ má ṣe jiyàn, ìbéèrè ni kí ẹ bi. “Bàbá ọmọ mi, ẹ má bínú, ta ni ó rí i nígbà tí ó ṣẹlẹ̀?” Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ọkọ tí ó gbọ́n yóò rò ó, bí kò bá tilẹ̀ dáhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÀGBÀRÁ ÀKÀRÀ ÀTI Ẹ̀KỌ ṢE PARÍ

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí agboolé wa ní Èkó-Ende. Ní òru ọjọ́ kan, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò náà, ara ọmọ ìyàwó gbóná, gìrì sì mú un. Ọkọ ìyàwó kò sí nílé. Ọ̀kadà ọkọ ìyáálé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ìyàwó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ó gbé ọwọ́ sókè láti kàn án, ó rántí ọ̀rọ̀ ìdí kànga, ojú tì í, ó sì gbé ọmọ sẹ́yìn, ó sáré lọ sí ìpẹ̀kun ìlú láti wá ẹlòmíràn. Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n dé ilé ìwòsàn ní Ìkìrun kí ó tó pẹ́ jù, ọmọ náà sì yè.

Ní àárọ̀, ìyáálé gbọ́. Ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ, ó fi omi ojú wẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ní, “Ṣé nítorí ijó ẹni ẹlẹ́ni ni o kò fi lè kan ilẹ̀kùn mi?” Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ máa bínú, ìyáálé mi. Ẹ̀rù ni ó bà mí.” Àwọn méjèèjì sunkún.

Ní ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó dá ìjà náà sílẹ̀ wà lórí àga wọn. Wọn kò mọ orúkọ ọmọ náà. Wọn kò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Àwọn olóṣèlú tí a torí wọn jà, a rí wọn nínú àwòrán níbi ayẹyẹ, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ìyáálé ti gbé agbada rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà. Rédíò náà ṣì wà lórí àpótí, wọn kò pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ gbẹ̀yìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń pariwo, ìyáálé yí i sílẹ̀ díẹ̀, ó wo ìyàwó, ó ní, “Ìwọ náà ńkọ́, kí ni o rí sí i?”

Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ìyá, ìbéèrè kan náà ni mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti sọ tirẹ̀. Ó ku tiyín.